Ẹ Má Pa Á Lẹ́rìn-ín

Dókítà kò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó ní kó má fò, kó má gun àtẹ̀gùn,
kí omi má kan ojú egbò títí di ọjọ́ kẹwàá.
A ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè wá padà:
"Ẹ má sì pa á lẹ́rìn-ín o.
Ẹ̀rín máa ń fa okùn."

Ṣé ilé tiwa lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún?
Ilé tí Lásún àbúrò mi ti ń sín tí ewúrẹ́ ìta ń sá,
tí Abẹ̀ní ti ń sín pásítọ̀ jẹ nídìí ọbẹ̀.
Èmi náà, wọ́n ti lé mi jáde rí níbi ìsìnkú.

Ìwé ni mo ń rán jẹun ní Ṣómólú.
Ìwé gbèsè, ìwé orin, ìwé ètò ìgbéyàwó,
ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já.
Mo mọ okùn tó máa dúró, mo mọ èyí tó máa tú.
Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣí báńdéèjì,
mo ka méje lára ikùn Ìṣọ̀lá,
méje, dúdú, tín-ín-rín, bí ẹsẹ̀ èèrà,
ọwọ́ tó ń rán ọgọ́rùn-ún ìwé lóòjọ́
kò lè di ife omi mú.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ará ilé tó le lójú.
Lásún ń wọlé bí agbowó-orí.
Abẹ̀ní gbé rédíò lọ fún ará ilé kejì
nítorí aláwàdà kan tó máa ń wà lórí rẹ̀ láàárọ̀.
Àwọn atẹ̀wé ìsàlẹ̀ gan-an
bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀rọ wọn ní agogo méje alẹ́.
Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n.
Mo fẹ́ lọ dúpẹ́, ojú tì mí.
Ní Ṣómólú, mo gbọ́ aago ọwọ́ ara mi.

Fadérera ní tòun náà ń dun òun.
Ikùn ni, ó ní. Nígbà tó yá, orúnkún ni.
Ápù mẹ́ta wà lẹ́bàá orí àbúrò rẹ̀
tí kò jẹ ẹ́, tó kàn ń yí i kiri.
Mo bínú. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí bàbá sọ.
Lóru mo bá a níbi tó sùn sí:
ó ti fi báírò fa ìlà síkùn ọmọláńgidi rẹ̀,
méje gééré,
ó sì ti fi sẹ́lótéèpù bò ó.

Owó ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.
Mo ti ta ẹ̀rọ tí mo fi ń gé etí ìwé.
Ọ̀bẹ ni mo ń lò báyìí, etí wọn kò dọ́gba,
oníbàárà á wò ó, á wò mí, á sanwó.

Orí ẹní ni Abẹ̀ní ń sùn,
ó na ọwọ́ kan sókè sórí bẹ́ẹ̀dì,
ó di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọmọ mú
bí apẹja ṣe ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté lóru.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá mi ti Ìkòròdú dé.
A ò rántí kìlọ̀ fún un.
Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó gbàdúrà gígùn,
bó ṣe ní kóun dìde,
ó só.

Ká ní ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ì bá bò ó.
Ìdákẹ́ tí a fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọ́
ló gbé e yípo yàrá.
Lásún kọjú sí ògiri. Abẹ̀ní ge ètè jẹ.
Ìṣọ̀lá gbá ikùn mú,
ó rẹ́rìn-ín, ó ké, ó tún rẹ́rìn-ín:
"Ó ń dùn mí! Ó dùn! Màmá, ẹ tún un ṣe!"

Mo ká aṣọ rẹ̀ sókè.
Kí n tó ka mẹ́ta
Fadérera ti ní, "Ó pé."

Àwọn ará ìsàlẹ̀ gbọ́ wa.
Wọ́n tan ẹ̀rọ.